Ta Ló Ń Sanwó Ọ̀rọ̀ Dídùn?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìdí lẹ́tà. Ènìyàn á jókòó, á kọ lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ́ sí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kan tí kò rí rí, tí kò mọ̀ bóyá ó ga ni tàbí ó kúrú. Á kọ ọ́ tán, á wá kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé, "Èmi ni tiyín ní tòótọ́." Tiyín báwo? Tòótọ́ wo? Ẹni tó ń wáṣẹ́ ni o, bó bá sì rí iṣẹ́ síbòmíràn lọ́la, kò ní rántí orúkọ ọ̀gá yẹn mọ́. Ṣé irọ́ ló pa ni? Bó bá jẹ́ irọ́, kí ló dé tí wọ́n fi ń kọ́ wa nílé ìwé, tí wọ́n tún ń fún wa ní máàkì lé e lórí?

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti jókòó nínú kíláàsì ìbánisọ̀rọ̀ okòwò, yálà torí pé ẹ̀ka wọn ló ní kí wọ́n ṣe é, tàbí torí pé yúnítì wọn kò pé. Èmi tí mò ń kọ́ Yorùbá náà jókòó síbẹ̀. Àwọn kan bi mí pé kí ni akéwì ń wá níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni bí a ṣe ń kọ mẹ́mò. Mo ní iṣẹ́ kan náà ni, ọ̀rọ̀ ni gbogbo wa ń tà. Ṣùgbọ́n bí kọ́ọ̀sì náà ṣe ń lọ ni ìbéèrè kan tí kò sí nínú sílábọ́ọ̀sì ń dà mí láàmú: bí a bá fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ohun tó korò mọ́lẹ̀, ṣé ìwà ọmọlúàbí ni, àbí ẹ̀tàn tó wọ táì?

Fún ẹni tí kò tíì ṣe kọ́ọ̀sì náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n ń kọ́ni níbẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ ya àwòrán kan sójú pátákó: ẹni tó ránṣẹ́, iṣẹ́ tó rán, ọ̀nà tí iṣẹ́ náà gbà, ẹni tí wọ́n rán an sí, àti ariwo tó lè ba iṣẹ́ náà jẹ́ lójú ọ̀nà. Ọ̀dọ̀ Claude Shannon ni àwòrán yìí ti ṣẹ̀ wá, ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí Bell, tó tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní 1948. Àwọn tó tẹ̀lé e ló fi èsì kún un. Ọ̀rọ̀ tẹlifóònù àti tẹligíráàmù ni Shannon ń rò, kì í ṣe ọkàn ọmọ ènìyàn, òun fúnra rẹ̀ sì sọ ọ́ gbangba pé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kò kan ìṣòro tí òun ń yanjú. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a ṣì máa padà sí ọ̀rọ̀ ariwo yẹn.

Lẹ́yìn àwòrán ni ìlànà kàn: kí ọ̀rọ̀ yéni, kó ṣe ṣókí, kó pé, kó tọ̀nà, kó ní ọ̀wọ̀ nínú. Wọ́n á ní kí òǹkọ̀wé fi ara rẹ̀ sípò ẹni tó máa ka lẹ́tà náà. Dípò kó kọ ọ́ pé, "A fẹ́ gba owó wa," kó kọ ọ́ pé, "Kí iṣẹ́ yín má baà dúró, ẹ jọ̀wọ́, ẹ san owó tó kù." Èyí dáa, kò lẹ́jọ́ nínú.

Ibi tí ẹjọ́ wà ni lẹ́tà ìròyìn búburú. Ìpele mẹ́rin ni wọ́n là sílẹ̀ fún un. Ìkíní, ẹ fi ọ̀rọ̀ tútù kan ṣáájú, èyí tí kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, tí kò sì sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìkejì, ẹ ṣàlàyé ìdí. Ìkẹta, ẹ wá sọ pé kò ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ wẹ́rẹ́, láàárín ìpínrọ̀, níbi tí ojú kò ti ní tètè bà lé e. Ìkẹrin, ẹ fi ìrètí àti ọ̀rọ̀ ìwúrí kádìí rẹ̀. Bí ìròyìn bá dára, ìlà àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti sọ ọ́. Bó bá burú, ẹ rọra kì í sínú ọ̀rọ̀ bí ẹni ń ki oògùn sínú òkèlè ọmọdé.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́ wa ní èyí, àríyànjiyàn ò jẹ́ ká tètè kúrò níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin ní, "Irọ́ oníwèé ni wọ́n ń kọ́ wa yìí jàre. Bí ẹ ò bá gbà mí síṣẹ́, ẹ sọ fún mi! Kí ni ti 'a mọrírì ìfẹ́ tí ẹ ní sí ilé-iṣẹ́ wa'?"

Bọ̀ọ̀dá kan tó ti ṣiṣẹ́ ní báńkì kó tó wọ yunifásítì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àbúrò, o ò tíì dúró níwájú oníbàárà tí inú ń bí. Bó o bá ti kọ́kọ́ sọ pé rárá, kò tún ní gbọ́ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ tútù lo fi ń ra etí ẹ̀."

"Ẹ má bínú o, bọ̀ọ̀dá. Etí tẹ́ ẹ bá rà tán, kí lẹ fẹ́ dà sínú ẹ̀?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, a sì túká. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ "ra" tí bọ̀ọ̀dá yẹn sọ kò kúrò lọ́kàn mi. Bí a bá ra nǹkan, owó gbọ́dọ̀ ti àpò ẹnìkan jáde. Tí a bá wá fi ọ̀rọ̀ dídùn ra etí, àpò ta lowó ti jáde?

Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa pé òyìnbó ló kọ́ wa ní ọ̀rọ̀ yíyí. Kí ìwé òyìnbó tó dé la ti mọ̀ ọ́n. Bí baba ẹnìkan bá kú nígbà tí ọmọ wà ní ìdálẹ̀, wọn kì í ránṣẹ́ sí i pé, "Baba rẹ ti kú." Wọ́n á ní ara baba ò yá, kó máa bọ̀ nílé. Bó bá délé, ẹnikẹ́ni ò ní já a lù ú lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n á fún un lómi, wọ́n á ní kó jókòó, àgbà kan á wá sún mọ́ ọn, á bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Bó bá tún jẹ́ ọba ló lọ, a ò ní í sọ pé ó kú rárá, ó wàjà ni. Ìpele mẹ́rin tí wọ́n kọ sójú pátákó fún wa yẹn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ àwọn bàbá wa ló ti wà tipẹ́tipẹ́.

Ẹ tún wo àrokò, ìyẹn lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ́ àti lẹ́tà gbẹ̀fẹ́ àwọn baba ńlá wa. Owó ẹyọ mẹ́fà lórí okùn túmọ̀ sí pé ọkàn mi fà sí ọ, torí pé ẹ̀fà ni. Mẹ́jọ túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ wa jọra, torí pé ẹ̀jọ ni. Ẹyọ méjì tó dojú kọ ara wọn, ìfẹ́ àti ìrẹ́pọ̀ ni. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, ìjà ti dé nìyẹn. Kò sí ẹni tó sọ gbólóhùn kan tààrà níbẹ̀, síbẹ̀ ẹni tó bá gba ẹyọ tó kẹ̀yìn síra wọn kò ní rò pé wọ́n pe òun síbi ìsọmọlórúkọ. Ọ̀rọ̀ náà yí, ṣùgbọ́n ó dé.

Ibi tí mo ti kọ́kọ́ rí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ nìyí. Gbogbo wa la mọ òwe tó ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀ á di odidi. Ìdajì àkọ́kọ́ la máa ń rántí, a kì í bìkítà fún ìkejì. A máa ń fi òwe yìí gbèjà àbọ̀ ọ̀rọ̀ bí ẹni pé àbọ̀ gan-an ló dára. Rárá o. Ohun tó sọ àbọ̀ náà di ẹ̀tọ́ ni pé ó máa di odidi nínú ẹni tó gbọ́ ọ. Bí àbọ̀ bá wọ inú ẹnìkan tó sì jẹ́ àbọ̀ ló wà síbẹ̀ títí, kì í ṣe ọmọlúàbí lẹ ṣe fún un, ẹ rẹ́ ẹ jẹ ni.

Ẹ jẹ́ kí n fún yín ní àpẹẹrẹ àbọ̀ tí kò di odidi. Ẹ̀gbọ́n kan ní àdúgbò wa jáde ní polí, ó sin ìlú tán, ó wá lọ ṣe íntáfíù ní ilé-iṣẹ́ kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́tà dé. Lẹ́tà náà dùn ún kà! Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún àkókò rẹ̀, wọ́n ní ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wú àwọn lórí, wọ́n ní orúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn, àwọn yóò sì kàn sí i nígbà tó bá yẹ. Ẹ̀gbọ́n fi lẹ́tà yẹn sínú Bíbélì. Nígbà tí ilé ìwé aládàáni kan ní kó wá máa kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, kò lọ, torí kò fẹ́ kí wọ́n pè é síṣẹ́ kó má lè dáhùn. Oṣù méje ló fi gbé fóònù dání bí ẹni gbé ẹyin. Ìgbà tó yá ló gbọ́ lẹ́nu ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ pé wọ́n ti fi ẹlòmíràn sí ipò náà kí wọ́n tó kọ lẹ́tà sí i. Ẹni tó bá ti dé ọ́fíìsì ìjọba rí á ti mọ lẹ́tà mẹ́ta tí wọ́n máa ń kọ sára fáìlì, KIV, pé kí wọ́n ṣì máa wò ó ná. Ọ̀pọ̀ fáìlì tó gba KIV, eruku nìkan ló ń wò ó.

Ẹ jọ̀ọ́, irọ́ wo ló wà nínú lẹ́tà yẹn? Kò sí. Wọ́n dúpẹ́, ọpẹ́ sì tọ́. Orúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wọn lóòótọ́, nínú dúrọ́ọ̀. Wọn yóò kàn sí i nígbà tó bá yẹ. Kò kàn yẹ títí dòní ni. Bí a bá gbé lẹ́tà náà dé kọ́ọ̀tù, adájọ́ ò ní rí ọ̀rọ̀ kan mú. Ṣùgbọ́n oṣù méje lọ lára ọmọ ọlọ́mọ.

Ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ránṣẹ́ pé ara baba ò yá. Àwọn yẹn gan-an ló sọ ohun tí kì í ṣe òótọ́! Baba ti kú, wọ́n ní ara rẹ̀ ò yá. Síbẹ̀, kò sí ọmọ tó délé tó ní kí wọ́n mú ẹbí òun lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ó yé e. Kí ló fà á tí lẹ́tà tí kò nírọ́ nínú fi jẹ́ ìwà ìkà, tí iṣẹ́ tó nírọ́ nínú sì jẹ́ àánú?

Èsì tí mo rí nìyí, ẹ gbà á yẹ̀ wò. Ẹni tó ń sanwó ọ̀rọ̀ tútù náà ló yàtọ̀. Àwọn ẹbí ló gbé ẹrù ikú yẹn mọ́ra títí ọmọ fi délé. Àwọn ló sunkún ní kọ̀rọ̀, tí wọ́n nu ojú, tí wọ́n lọ pàdé rẹ̀. Àwọn ló jókòó tì í lálẹ́ ọjọ́ náà. Irọ́ ìgbà díẹ̀ ni wọ́n pa, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn tú u kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní ti ilé-iṣẹ́ yẹn, ohun tí wọ́n ra fún ara wọn ni ìfọ̀kànbalẹ̀: ẹnikẹ́ni ò ní wá bínú sí wọn, ẹnikẹ́ni ò ní béèrè ìdí, akọ̀wé ò ní gba ìpè. Ẹ̀gbọ́n ló sanwó rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ ìtàn ìgbà tí GSM dé Nàìjíríà ní 2001, ẹ ó mọ irú ìwà yìí. ₦50 ni ìṣẹ́jú kan nígbà náà. Kódà bó o sọ "hẹlóò" nìkan, owó ìṣẹ́jú kan ti lọ. Ọdún 2003 ni Glo dé tòun ti ìsanwó ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Kíá làwọn èèyàn ti kọ́ ọgbọ́n fíláàṣì: tẹ nọ́ńbà ẹlòmíràn, jẹ́ kó dún lẹ́ẹ̀kan, gé e, kí onítọ̀hún fi owó tiẹ̀ pè ọ́ padà. Ìwọ lo lọ́rọ̀ láti sọ, òun ló sanwó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ lẹ́tà oníwàtútù ṣe rí. Fíláàṣì ni wọ́n.

Nítorí náà, ìbéèrè méjì ni mo fi ń wọn ọ̀rọ̀ dídùn báyìí. Àkọ́kọ́: bí ẹni tó gbọ́ ọ bá dìde, ṣé ó mọ ohun tó yẹ kó ṣe lọ́la? Èkejì: ẹ̀dùn tí mo yẹ̀ sílẹ̀ fún un, orí ta ló já lé?

Ẹnìkan á ní, "Ọjà ńkọ́? Ṣebí gbogbo ìyá ọlọ́jà ló ń sọ pé àwọn ò jèrè kankan lórí ẹ̀, wọ́n á tún pè ọ́ ní oníbàárà àwọn nígbà tó jẹ́ pé òní gan-an lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìwọ tó ò ń nájà náà ń sọ pé o ò lówó lọ́wọ́, owó sì wà ní àpò rẹ. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ mọ eré tí ẹ ń ṣe. Bó o bá kúrò nídìí àtẹ, o mọ iye tó o san, o sì mọ ohun tó o rà. Èyí ló dáhùn ìbéèrè "tiyín ní tòótọ́" tí a fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ pé ìkíni ni, ẹni tó kà á náà mọ̀ pé ìkíni ni, bí a ṣe ń sọ pé "ẹ kú iṣẹ́" fún ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Kò sí ẹni tó sanwó kankan lé e lórí. "A óò kàn sí yín" kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ kan mọ̀ pé eré ni. Ẹgbẹ́ kejì ń dúró ti fóònù.

Èmi tí mò ń kọ́ èdè tún rí nǹkan kan tó wù mí kí n pín pẹ̀lú yín. Gẹ̀ẹ́sì ní irú gbólóhùn kan tó lè mú ẹni tó ṣe nǹkan kúrò lójú ọgbọ̀, kí nǹkan náà dá dúró bí ẹni pé òun ló ṣe ara rẹ̀. Lẹ́tà okòwò fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀ bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti ẹ̀bi. Ní January 1987, nígbà tí Ààrẹ Ronald Reagan ń bá ilé aṣòfin Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀ lórí ohun ìjà tí wọ́n tà fún Iran, irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ló fi sọ pé àṣìṣe ńlá wà níbẹ̀. Gbólóhùn náà kò dárúkọ ẹnikẹ́ni tó ṣe é. Yorùbá ò ní irú gbólóhùn yẹn. Bí a bá fẹ́ fi ẹni tó ṣe é pamọ́, "wọ́n" la máa lò: wọ́n ti pinnu, wọ́n ti dá a dúró. Bó o bá sì ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá àgbà, ohun tó máa kọ́kọ́ bi ọ́ ni pé, "Àwọn wo?"

N kò sọ pé Yorùbá ò lè fi ẹ̀bi pamọ́ o. Ta ló ń tan ta? A ní "ó ṣẹlẹ̀," a ní "wọ́n ní," a sì ní "iṣẹ́ èṣù ni," tó jẹ́ pé Èṣù fúnra rẹ̀ ò rí ibi fọwọ́ sí ìwé náà. Ohun tí mò ń sọ ni pé bó o bá kọ lẹ́tà tán ní Gẹ̀ẹ́sì, gbìyànjú kó o sọ ọ́ ní Yorùbá fún ẹni tó bí ọ. Ibi tó bá ti bi ọ́ pé "ta ni?" tàbí "nígbà wo?" tàbí "kí wá ni wọ́n ní kó ṣe?", ibẹ̀ ni ẹ̀tàn sá sí.

Títí di ibi tí a dé yìí, ọ̀rọ̀ tó ń ti òkè wá sílẹ̀ là ń sọ, ti ilé-iṣẹ́ sí ẹni tó ń wáṣẹ́. Èyí tó ń ti ìsàlẹ̀ lọ sókè ńkọ́, ti ọmọṣẹ́ sí ọ̀gá? Ìtàn kan wà tí àwọn olùkọ́ ìbánisọ̀rọ̀ okòwò máa ń sọ, ó sì yẹ kí gbogbo wa mọ̀ ọ́n. Ní July 31, 1985, ẹnjinníà kan tó ń jẹ́ Roger Boisjoly kọ mẹ́mò sí ọ̀gá rẹ̀ ní Morton Thiokol, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì fún ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà. Kò fi oyin sí i. Ó kìlọ̀ pé òrùka rọ́bà tó dí ojú oríkèé rọ́kẹ́ẹ̀tì náà lè kùnà, àti pé bó bá kùnà, ẹ̀mí lè lọ sí i. Nígbà tó di alẹ́ January 27, 1986, òtútù mú gan-an níbi tí ọkọ̀ Challenger ti fẹ́ gbéra ní Florida. Boisjoly àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ lórí tẹlifóònù pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kó gbéra bí ooru ò bá tó 53 lórí ìwọ̀n Fárẹ́ńháìtì, ìyẹn bíi 12 lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Àwọn tó wà ní NASA ò dunnú sí i. Àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan láti jíròrò, ọ̀kan nínú wọn sì sọ fún èkejì pé kó bọ́ fìlà ẹnjinníà, kó dé fìlà ọ̀gá. Bí wọ́n ṣe padà sórí fóònù, wọ́n ní kí ọkọ̀ máa lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ìṣẹ́jú àáyá 73 péré ni ọkọ̀ náà lò lófurufú kó tó fọ́ yángá. Àwọn méje ló kú, títí kan Christa McAuliffe, olùkọ́ ilé ìwé. Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó wádìí rẹ̀ gbé ìjábọ̀ jáde ní June 1986, wọ́n rí i pé àwọn tó ní àṣẹ ìkẹyìn láti ní kí ọkọ̀ gbéra ò gbọ́ rárá pé ilé-iṣẹ́ náà ti kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí wọ́n má gbéra. Ọ̀rọ̀ náà kúrò lẹ́nu ẹnjinníà gedegbe; láti orí àga kan dé orí àga kejì ló ti ń rọ̀, tó ń rọ̀, títí tí kò fi dé òkè mọ́. Ariwo tí a yà sójú pátákó, kì í ṣe inú wáyà nìkan ló ń gbé. Ó ń gbé láàárín ipò àti ipò, láàárín ẹni tó ń bẹ̀rù àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́.

Àwa tí wọ́n kọ́ láti dọ̀bálẹ̀ àti láti kúnlẹ̀, ó yẹ kí ìtàn yìí dùn wá ju ẹlòmíràn lọ. Mélòó nínú wa ló lè wo ojú ọ̀gá kó ní, "Sà, ibi tẹ́ ẹ̀ ń gbà yìí kò dáa"? A máa ń sọ pé àṣà ni ò jẹ́ kí a lè sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ṣé òótọ́ ni pé àṣà wa ní kí ọmọdé gbé òótọ́ mì? Ẹ wo ohun tí ọmọdé máa ń ṣe bó bá fẹ́ pòwe níwájú àgbà. Á pa á, á ní, "Tótó ó ṣe bí òwe o." Àgbà á dá a lóhùn pé, "Wàá rí òmíràn pa." Kí ni gbogbo ìyẹn wà fún? Ọmọdé san owó ibodè tirẹ̀: ó tẹrí ba, ó tọrọ gáfárà. Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọlé ní odidi. Ọ̀wọ̀ jẹ́ ọ̀nà tí òótọ́ ń gbà dé etí àgbà. Kì í ṣe ibi tí a ń sin òótọ́ sí. Ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ tó sì gbàgbé ohun tó tìtorí rẹ̀ dọ̀bálẹ̀, ó kàn fi àyà nu ilẹ̀ ni.

Kí wá ni ká ṣe sí kọ́ọ̀sì yìí? Èmi ò ní ká pa á tì. Ọ̀rẹ́ mi tó ní irọ́ ni gbogbo rẹ̀ kò jàre tán, torí ọ̀rọ̀ búburú máa ń yọ ọfà lápó lóòótọ́, òótọ́ tí a sọ lù ènìyàn mọ́lẹ̀ kì í jẹ́ kó gbọ́ ìyókù. Bọ̀ọ̀dá báńkì náà kò jàre tán, torí ẹni tó ra etí ní gbèsè ọ̀rọ̀ láti san. Ẹ jẹ́ ká kọ́ ìpele mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ká sì gba máàkì wa. Ṣùgbọ́n bó bá di ọjọ́ tí a jókòó sídìí tábìlì, tí ìwé ìwáṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ wà níwájú wa, ẹ jẹ́ ká yí ìpele kẹta padà. Ká sọ rárá ní gbólóhùn kan tó dá dúró, tí ojú á rí. Ká kọ ẹni tó pinnu rẹ̀. Ká kọ ohun tí ẹni náà lè ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Bóyá kó rí báyìí:

"Ẹ ṣeun tí ẹ wá síbí. Èmi àti àwọn méjì mìíràn la jọ ka ìwé yín. A ti fi ẹlòmíràn sí ipò náà, nítorí pé ó ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí fún ọdún mẹ́ta. Ẹ má ṣe dúró dè wá. Bí ẹ bá rí iṣẹ́ mìíràn, ẹ gbà á. Bí ààyè mìíràn bá ṣí, a máa kéde rẹ̀, ẹ sì lè tún kọ̀wé."

Ìlà mẹ́rin péré. Ó ní ọ̀wọ̀ nínú, kò bú ẹnikẹ́ni, kò sì gba oṣù kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá kọ ọ́ lè gba ìpè ìbínú kan tàbí méjì ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Kó gbà á. Owó tirẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ di mánija, ẹ̀yin akọ̀wé ọ̀la, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa kọ ọ̀rọ̀ fún gómìnà kà, ọ̀rọ̀ yìí dọwọ́ yín. Ẹni tí kò bá gbà pẹ̀lú mi, kó mú bírò, kó fèsì nínú ìwé wa tó ń bọ̀. Kó ṣáà má fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó.